Fíríìjì Mi Tí Ń Tú Bíà, Àti Òwúrọ̀ Tí Ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ìyàwó Mi

Láti ìgbà tí ẹnì kan ti kúrò lọ́dọ̀ wa ní Houston níhìn-ín, tí ó délé, tí ó sì ròyìn ní Abẹ́òkúta pé fíríìjì kan wà ní ilé mi tí bíà ń dà láti ara ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, n kò sinmi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí lórí tẹlifóònù, ó ní ṣé ọtí ni mo wá tà ní ìlú òyìnbó ni. Ẹlòmíràn ní kí n kọ bí a ti ń ṣe é ránṣẹ́ sí òun kíákíá, nítorí òun náà ní fíríìjì àtijọ́ kan ní ẹ̀yìn ilé. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù. N ó sọ bí mo ti ṣe é. N ó sì sọ èyí tí ẹni tí ó lọ ròyìn kò mọ̀, nítorí kò sí níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Bọ́lá, aya mi, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí yàrá ìfọṣọ nítorí bíà tí òun kì í fi ẹnu kàn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fíríìjì náà yà yín lẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, ilé tí ó bá ní gáréèjì ọkọ̀, àfàìmọ̀ kí ẹ má rí fíríìjì kejì níbẹ̀, èyí tí ìyàwó ilé ti ra òmíràn rọ́pò. Àwọn ọkùnrin wọn kì í jù ú nù. Àwọn mìíràn nínú wọn a gbé àgbá bíà sí i nínú, wọn a lu ihò sí ìlẹ̀kùn rẹ̀, wọn a fi ẹnu ẹ̀rọ dí ojú ihò náà, ó parí. Wọ́n mú orúkọ àgbá àti orúkọ fíríìjì ní èdè wọn, wọ́n lù wọ́n pọ̀, wọ́n ń pè é ní kegerator. Bàbá òyìnbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ní ọ̀kan, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń lò ó. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, tí ọ̀fun mi sì tì mí sí wàhálà.

Kì í sì í ṣe ọ̀fun nìkan. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá mẹ́rìnlá kan a máa ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wa láti ilé dé ilé ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù. Bí ó bá kàn mí, páálí bíà mẹ́rin ni mo máa ń rà. Ìgò òfìfo a kún ilẹ̀, àwọn ọmọdé a sì fọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lọ́dún 2019, ọmọ ọmọ mi kan fi ẹsẹ̀ tẹ àfọ́kù ìgò, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ rán ẹsẹ̀ náà ní ojú mẹ́rin. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Àgbá irin kì í fọ́.

Fíríìjì tí mo kọ́kọ́ dójú lé, ti Ìyá Bọ́lá ni. Pọ̀nmọ́, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni ó ń kó sínú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Apá òkè tí ń sọ nǹkan di yìnyín kù fún ọ, ìsàlẹ̀ nìkan ni mo fẹ́." Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà bá yín ṣe é." Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi tún bíréèkì ṣe, ni kí n máa wá ẹni tí yóò bá mi lu ihò kan! Mo lọ ra dírìlì. Mo gbé e ti ẹ̀gbẹ́ fíríìjì náà, mo tẹ̀ ẹ́, irin sì wọlé wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "ṣìììì", bí ìgbà tí táyà bá ń jò. Mo kọ́kọ́ dúnnú, mo rò pé ihò ti já sí inú. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ẹ̀mí fíríìjì ni ó ń jáde lọ.

Àbúrò wa kan wà ní ìlú yìí tí iṣẹ́ fíríìjì títúnṣe jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo pè é. Ó dé, ó wo ihò náà, ó yọ fìlà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti pa á." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní, inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n tẹ́ àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ooru jáde sí. Ẹ kò lè rí wọn láti ìta. Gáàsì kan wà nínú àwọn ọ̀pá náà, òun ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ tí inú fíríìjì fi ń tutù, bí ó bá sì ti jò tán, fíríìjì di àpótí lásán. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù ni ohun tí ó tún fi kún un, pé gáàsì inú àwọn fíríìjì tuntun púpọ̀ ni wọ́n ń pè ní isobutane, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti gáàsì tí a fi ń dáná. Ó ní, "Ká ní sìgá wà lẹ́nu yín ni, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ihò kọ́ ni à bá máa sọ."

Ó kọ́ mi pé ara ìlẹ̀kùn ni a ń lu ihò sí. Ìlẹ̀kùn kò ní ọ̀pá gáàsì nínú, bí kì í bá ṣe irú èyí tí ń tú omi àti yìnyín níta, tí ó ní okùn iná àti róbà omi. Bí ó bá sì di dandan kí a lu ẹ̀gbẹ́ tàbí òkè, ó ní ọgbọ́n kan tí inú mi dùn sí, nítorí ohun ilé wa ni. Ẹ ó po lẹ́búlẹ́bú àgbàdo mọ́ sípírítì kí ó ṣàn bí ògì, ẹ ó sì fi kun ibi tí ẹ fẹ́ lù nígbà tí ẹ̀rọ náà ti sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ tan fíríìjì. Ibi tí ọ̀pá ooru bá gbà kọjá ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, tí yóò sì funfun lálà-lálà. Àlà náà ni kí ẹ sá fún. Kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ o, kí iná má sì sí nítòsí, nítorí sípírítì kì í bá iná ṣeré.

Owó fíríìjì kejì, àpò mi ni ó ti jáde. Ní ti pọ̀nmọ́ tí ó bàjẹ́, mo gbọ́ èébú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ohun náà ti ń ṣiṣẹ́. Àgbá bíà tí wọ́n ń tà níhìn-ín pé oríṣi. Èyí tí ó tóbi jù gba gálọ́ọ̀nù 15 àti ààbọ̀, èyíinì lé ní lítà 58, yóò sì tó ìgò kékeré 165. Bí ó bá kún, ó wúwo tó bí páùn 160, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dá a gbé, kí ó má sì gbé e lé orí àwo dígí inú fíríìjì. Èyí tí ó kéré gba gálọ́ọ̀nù 5 àti díẹ̀, bí ìgò 55. Òun ni èmi ń lò, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, méjì sì lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo yọ gbogbo pẹpẹ inú fíríìjì náà, mo tẹ́ pákó tí ó nípọn sí ìsàlẹ̀, mo sì gbé àgbá lé e.

Bíà kì í dédé jáde nínú àgbá. Gáàsì ni ó ń tì í. Gáàsì yìí kì í ṣe ti fíríìjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan o, òmíràn ni. CO2 ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, òun kan náà ni ó ń mú kí mínírà máa hó, òun náà ni a sì ń mí jáde nímú. Inú sílíńdà kékeré kan ni ó wà, pẹ̀lú agbára tí ó lé ní páùn 800 lórí ínǹṣì kan bí inú ilé kò bá tutù. Kò sí àgbá tí ó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń de rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tí yóò dín in kù sí páùn 10 tàbí 12. Láti ibẹ̀, róbà kan gbé gáàsì wọ àgbá, gáàsì tẹ bíà mọ́lẹ̀, bíà sì gba róbà kejì jáde sí ẹnu ẹ̀rọ tí ó wà lára ìlẹ̀kùn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí a kò fi afẹ́fẹ́ lásán tì í. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní òde àríyá, wọ́n ní pọ́ńpù ọwọ́ fún un. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa ba bíà jẹ́. Èyí tí ẹ bá fi pọ́ńpù ọwọ́ tì ní Sátidé, bí ẹ bá tọ́ ọ wò ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó tu ú dànù. Èyí tí CO2 ń tì, tí ó sì wà nínú òtútù, a lè mu ún fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fa ẹnu ẹ̀rọ náà, ìfófó ni ó kún ife. Mo fa òmíràn, ìfófó. Bàbá òyìnbó wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bí inú fíríìjì ti tutù tó, mo ní ó tutù, ṣé kò tutù fún un ni? Ó ní kí n gbé ife omi kan sínú rẹ̀, kí n ti ohun tí a fi ń wọn òtútù bọ inú omi náà, kí ó sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀, dígírì 45 ti Fahrenheit ni mo bá. Ó ní 38 ni kí n fẹ́, bí ó bá lé, gáàsì kì í fẹ́ gbé inú bíà mọ́, yóò máa sá jáde ni. Ó tún wo róbà mi, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré ni èyí tí wọ́n tà fún mi. Ó ní bíà ń sáré jù nínú rẹ̀. Mo ra tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, mo ká a jọ bí ejò sórí àgbá. Láti ọjọ́ náà, bíà ń jáde jẹ́jẹ́, ìfófó rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.

Ibi tí mo ti wá ṣìnà nìyí. Oòrùn Houston kì í ṣe ti eré. Ní oṣù kẹjọ, gáréèjì wa a máa gbóná bí ààrò, fíríìjì a sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ni mo bá gbé e wọ yàrá ìfọṣọ nínú ilé. Yàrá kékeré ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́jọ, kò ní fèrèsé, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ń wà ní títì kí àwọn ọmọ má bàa wọ ibẹ̀. Mo yin ara mi pé mo gbọ́n.

Ní alẹ́ Furaidé kan tí ìpàdé ku ọ̀la, gáàsì mi tán. Mo gbé sílíńdà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, mo gba èyí tí ó kún, mo sì dè é padà ní alẹ́. Wáṣà pẹlẹbẹ kan wà tí ó yẹ kí ó wà láàárín ẹnu sílíńdà àti rẹ́gúlétọ̀, kò ju owó kọ́bọ̀ lọ. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹnu sílíńdà àtijọ́, ó sì bá a lọ. N kò wò ó. Mo fi sípánà fún un dáadáa, mo ṣí gáàsì, mo lọ sùn. Bàbá òyìnbó ti kọ́ mi pé kí n máa fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé kí n tó kúrò níbẹ̀, kí n wò ó bí yóò hó. Ṣùgbọ́n oorun ń kùn mí.

Ní òwúrọ̀, Ìyá Bọ́lá lọ fọ aṣọ ẹgbẹ́. Aṣọ náà wà nílẹ̀ nínú agbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti máa ṣà á. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ṣubú. Mo pè é, kò dáhùn. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá a ní ìjókòó sílẹ̀, ó fara ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó sáré láti ọ̀nà jíjìn dé Aké, ojú rẹ̀ kò sì mọ̀ mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, orí èmi náà sì yí bìrí. N kò mọ bí mo ti fà á dé ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn, mo pe àwọn panápaná.

Ẹ wò ó, gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí, ibi tí ọmọdé ń rá, ibi tí obìnrin ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣa aṣọ. Páùn 5 rẹ̀ ni ó wà nínú sílíńdà mi. Bí gbogbo rẹ̀ bá tú jáde, yóò kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo ti fi kálàmù ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà: bí gbogbo rẹ̀ bá dúró sí yàrá ìfọṣọ wa láìsá jáde, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni ìbá jẹ́. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìwọ̀n 4 péré ni ó wà nínú 10,000. Bí ó bá di 4 nínú 100, àwọn tí ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kà á sí ewu ojú ẹsẹ̀. Àlàfo tí ó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn ni ó gba Ìyá Bọ́lá là, òun àti Ọlọ́run.

Nígbà tí àwọn panápaná dé, mo nàka sí ẹ̀rọ kan lára ògiri, mo ní kí ló dé tí agogo rẹ̀ kò dún, ṣebí torí irú èyí ni a ṣe fi í síbẹ̀? Ọ̀gá wọn mi orí. Ó ní CO ni ẹ̀rọ náà ń ṣọ́, kì í ṣe CO2. CO ni ó wà nínú èéfín, òun ni èyí tí ń ti ara jẹnẹrétọ̀ pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun ní ilé wa lọ́hùn-ún. CO2 ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn orúkọ, èmi kò sì mọ̀. Ó tún bá mi wí nítorí pé mo wọlé lọ fà á kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn ìta, ó ní báyìí ni ènìyàn méjì ti ń kú níbi tí ẹnì kan ì bá kú. Mo gbọ́ ìbáwí náà. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, n ó lè dúró níta.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ dáadáa mí, ó sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Orí fọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ni ó dùn mí jù.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo gbé fíríìjì padà sí gáréèjì. Mo ra ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ CO2, mo kàn án mọ́ ògiri, kò ga ju orúnkún lọ. Mo so sílíńdà ró kí ó má bàa ṣubú, mo sì fi okùn so wáṣà mẹ́fà mọ́ ọn lọ́rùn. Bí a kò bá lò ó, ẹnu sílíńdà a wà ní títì.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa fọ róbà bíà àti ẹnu ẹ̀rọ, pẹ̀lú oògùn ìfọ̀ tirẹ̀. Oògùn náà a máa jó ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́ yóò máa mu kíkan, yóò sì máa bú ẹni tí ó pọn bíà.

Ẹni tí ó bá rò pé yóò fi èyí dín owó kù, kí ó tún rò ó. Mo ti na owó fíríìjì méjì àti ohun èlò, bíà kò sì dín ní iye tí mo ń rà. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, mo ń mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ìgò ní iye, ẹnu ẹ̀rọ kò ní. Ìyá Bọ́lá ni ó kíyè sí i.

Àna mi kan tí í ṣe Mùsùlùmí wo tèmi, ó ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n zóbò ni ó ń gbé sínú àgbá, gáàsì sì ń mú un hó bí mínírà. Àwọn ọmọ kì í kúrò nílé rẹ̀. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá ẹ lè dí ẹmu tútù mọ́ inú àgbá irin, ẹ má dán an wò. Ẹmu kò tíì parí iṣẹ́ tirẹ̀, yóò máa hó nìṣó, agbára rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i nínú ohun tí ẹ dé. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ní fíríìjì ní ẹ̀yìn ilé, kí ó kọ́kọ́ rò ti iná. Àgbá tí ó ti tutù lè farada wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná kò bá dé di ọjọ́ kejì, ìfófó ni yóò máa bu fún àlejò.

Ìpàdé ẹgbẹ́ tún kàn mí ní oṣù tí ó kọjá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ife, Ìyá Bọ́lá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì pẹ̀lú abọ́ omi ọṣẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ fi pa á kí n rí i." Mo fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò. Kò hó. Ó yà kúrò lọ́nà, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá sì wọlé.